Ọkọ̀ Tí Kò Lórí

Figaro mi ni mo fẹ́ tà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù á ti rí irú rẹ̀ rí: ọkọ̀ kékeré roboto tó ń ṣe bí arúgbó, bẹ́ẹ̀ ọdún 1991 ni Nissan ṣe é ní Japan. Nǹkan bí 20,000 péré ni wọ́n ṣe, àwọn tó fẹ́ ẹ sì pọ̀ débi pé lọ́tìrì ni wọ́n fi yan ẹni tí yóò rà á. Àwọ̀ mẹ́rin ni wọ́n kùn ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìgbà kan nínú ọdún. Tèmi ni ti ìgbà oòrùn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ oòrùn yẹn sọ́kàn.

Àga rẹ̀ jẹ́ awọ, ó funfun báláú, n kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni jẹ ẹ̀pà níbẹ̀. Owó èéfín, £12.50, ló ní kí n tà á. Ọjọ́ tí mo bá ti gbé e jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń san án fún ìjọba ìlú, nítorí èéfín rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ti pé 40 ọdún kì í san án. Tèmi dàgbà jù fún òfin, kò sì tíì dàgbà tó fún àánú.

Màmá òyìnbó kan ní òun ń bọ̀ wò ó láago mẹ́rin. Mo ti ibi iṣẹ́ òru dé, mo fọ ọkọ̀, mo ká aṣọ orí rẹ̀ sẹ́yìn kí inú rẹ̀ lè gbẹ, mo bá wọlé lọ sùn.

Mo gbàgbé pé Màámi wà nílé. Wọ́n ti Ìbàdàn gbé ọ̀rá irú wóró mẹ́ta dé, ó ti ń tutù, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n sì ti fi ń bú ojú ọ̀run ìlú yìí.

Oorun ni mo lọ sùn, oòrùn ni mo fi sílẹ̀ níta, òórùn ló jí mi.

Nígbà tí mo sáré jáde, irú ti kún orí àga iwájú àti ẹ̀yìn, ìwé ìròyìn wà lábẹ́ rẹ̀. Màámi jókòó ti ọkọ̀, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin.

“Màámi! Ọkọ̀ tí mo fẹ́ tà!”

“Ọkọ̀ tí kò lórí, kí ni wọ́n ṣe é fún bí kò bá ṣe ká fi sá nǹkan? Àbí èmi ni mo ṣí i?”

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Mo kó irú bí olè. Mo fín lọ́fíńdà sí i, ọkọ̀ wá ń rùn bí ìyàwó tuntun tó ń ti ilé ìdáná bọ̀.

Màmá òyìnbó dé, inú rẹ̀ dùn, ó jókòó, ó na ọwọ́ sábẹ́ àga láti fà á síwájú. Wóró irú mẹ́ta ló bá ọwọ́ jáde. Ó wò ó títí. Ó wá rọra bi mí bóyá eku ń gbé inú ọkọ̀ náà.

Kí n tó lanu, Màámi ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n jù ú sẹ́nu, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

Obìnrin náà kò tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ kó tó lọ.

“Ó yẹ kó ti yé e báyìí pé oúnjẹ ni,” Màámi wí. Wọ́n gbójú sókè wo ọ̀run. “Ṣé oòrùn á tún ràn lọ́la? Ó ku ọ̀rá kan.”