Mo Gbé E Dání

Ọjọ́ Àìkú, alẹ́.

Ìsìn pẹ́, oòrùn Houston mú bí ó ti máa ń mú, ìrẹsì tí mo sè jóná nísàlẹ̀, a jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyókù ọjọ́ náà ò ju gbólóhùn kan lọ, kò sì tíì kúrò lórí mi.

Bàbá Ẹnu-Ọ̀nà, tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa, ló sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní ìròyìn ìbọn ọ̀sẹ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn. (Mi ò ní tún un sọ.) Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n fọwọ́ kan ìbàdí wọn lórí agbádá, wọ́n ní: "Ìyàwó wa, fọkàn balẹ̀. Mo gbé e dání."

Mo gbé e dání. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ agbòjò.

"Ẹ ṣé, sà" ni mo fi dá wọn lóhùn. Kí ni mo ń dúpẹ́ fún ná? Síbẹ̀, nígbà tí mo máa jókòó, ẹ̀yìn pátápátá ni mo lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, èmi tí mo máa ń jà sí ìlà iwájú. Mi ò rò ó rárá, ẹsẹ̀ mi ló gbé mi lọ.

Wọn ò rú òfin kankan o. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tó bá ti pé ọdún 21 ní Texas, tí òfin ò bá ti fi dù ú, lè fi ìbọn ìléwọ́ sí ìbàdí láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá tiẹ̀ lọ kẹ́kọ̀ọ́, wọ́n gba ìwé tiwọn. Ẹ̀tọ́ ni, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin ilẹ̀ yìí láti ọdún 1791, nígbà tí ìbọn ò tíì fi bẹ́ẹ̀ ju ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa lọ.

Ẹ bá wọn jiyàn, White Settlement ni wọ́n máa kọ́kọ́ nà sí yín. (Bẹ́ẹ̀ ni, ìlú kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, lẹ́bàá Fort Worth. Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ ìlú sílẹ̀.) Lóṣù Kejìlá ọdún 2019, ọkùnrin kan yọ ìbọn nínú ìsìn níbẹ̀, ó pa èèyàn 2. Ọmọ ìjọ kan tó ń ṣọ́ wọn yìnbọn pa á, gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú àáyá 6 lọ. Kí ni kí n fi dá ìyẹn lóhùn?

Uvalde ni mo máa ń fi dáhùn, ìlú kan ní Texas níbí. Ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ọmọkùnrin kan yìnbọn pa ọmọ 19 àti olùkọ́ 2 níléèwé kan níbẹ̀. Àwọn agbófinró tó dé ibẹ̀ jẹ́ 376. Gbogbo wọn pátá ló gbé e dání. Ìṣẹ́jú 77 ló kọjá kí wọ́n tó wọlé tọ ọmọkùnrin yẹn lọ. Ọmọ ọdún 18 ni, bó ṣe pé 18 báyìí ló ra ìbọn, owó ló san, òfin ò sì sọ pé kí wọ́n má tà á fún un. Ọjọ́ 3 lẹ́yìn náà, NRA, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ìbọn, ṣí ìpàdé ọdọọdún wọn níbí, ní gbọ̀ngàn George R. Brown, àwọn èèyàn gbé fọ́tò àwọn ọmọ náà dúró níta. Lọ́dún 2023, àwọn òbí lọ bẹ àwọn aṣòfin Texas ní Austin pé kí wọ́n sún ọjọ́ orí ẹni tó lè ra irú ìbọn bẹ́ẹ̀ sí 21. Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i. Kò dé iwájú ilé títí àkókò fi tán. Ọdún 21! Ọjọ́ orí tí wọ́n ń tà bíà fúnni.

Bí mo bá sọ ọ́ débẹ̀, ó yẹ kí n ti borí. Àmọ́ Ọ̀wọ̀ ò ní jẹ́.

Ọjọ́ 12 péré ló wà láàárín Uvalde àti Ọ̀wọ̀. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ní ìjọ St. Francis, èèyàn tó kú ò dín ní 40. Nílé, a kì í ṣàdédé wọ ṣọ́ọ̀bù lọ ra ìbọn, òfin ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wá pa wọ́n rí ìbọn rà, àwọn tó wá jọ́sìn ò ní ju Bíbélì àti rosary lọ. Kò yà mí lẹ́nu nígbà tí Akérédolú, tó jẹ́ gómìnà Oǹdó nígbà náà, ń pariwo pé kí wọ́n jẹ́ kí Àmọ̀tẹ́kùn gbé ìbọn ńlá. Ìlú rẹ̀ ni.

Ìlú Bàbá Ẹnu-Ọ̀nà náà sì ni.

Mo mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni àwọn afẹ̀míṣòfò, ọ̀tọ̀ ni ọmọ tó lọ ra ìbọn nítorí pé ó pé 18. Mo mọ̀ ọ́n lórí. Àyà mi ni kò mọ̀ ọ́n.

Bàbá àwọn ọmọ mi ti ní òun máa ra tiwa. Ọkùnrin tó ń fi gbogbo àárọ̀ wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ó bínú, kò tíì dá mi lóhùn di báyìí.

Nǹkan míì tún wà. Àwọn tí ìbọn ń pa lórílẹ̀-èdè yìí, ó lé ní ìdajì wọn tó jẹ́ pé ara wọn ni wọ́n yìn ín fún. Ẹnikẹ́ni kì í pe ìpàdé lórí ìyẹn. Bàbá sì ti ń dá gbé láti ìgbà tí Màmá ti… Rárá, mi ò fẹ́ rò ó débẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, àbíkẹ́yìn mi sáré lọ gba minti lọ́wọ́ wọn bó ṣe máa ń ṣe, ó sì dì mọ́ wọn. Orí ọmọ náà dọ́gba pẹ̀lú ibi tí nǹkan yẹn wà, gẹ́lẹ́. Bàbá yí ìbàdí sí apá kejì wéré, wọn ò tiẹ̀ wo ìsàlẹ̀, wọ́n ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lọ. Ó ti mọ́ wọn lára. Ọmọ tí wọ́n ń kọ́ níléèwé pé bí wọ́n bá ti pa iná kíláàsì, kó lọ jókòó sí igun tí wọn ò ti lè rí i láti ojú fèrèsé ẹnu ọ̀nà, kó má sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, olùkọ́ rẹ̀ yìn ín.

Ọjọ́rú ni ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì máa jókòó lórí pátákó 30.06 àti 30.07 (nọ́ńbà òfin Texas ni), irú èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà dókítà àwọn ọmọ, pé kí ẹni tó ní ìwé àṣẹ má gbé ìbọn wọlé. Àwọn kan ní apànìyàn ò ní dúró ka pátákó. Òótọ́ ni. Bàbá ló máa kà á. Ìgbìmọ̀ sì ti ní bó bá lọ bẹ́ẹ̀, èmi ni kí n kọ lẹ́tà sí Bàbá, nítorí pé Bàbá fẹ́ràn mi. Mo ṣí fóònù, mo kọ "Bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa", mo pa á rẹ́. Wọ́n á bi mí pé ta ló máa wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kí ni kí n kọ síbẹ̀?