Ìjò Dẹ́ẹ̀kì àti Irin Tó Di Òpó Mú

Ọ̀rọ̀ ìjò ló gbà mí lọ́kàn lónìí, ìjò inú ọkọ̀ onígbòkun tó ti dàgbà. Àwọn ọkọ̀ fáíbà (fiberglass) tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1965 sí 1985 ni mò ń bá wí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń la òkun kọjá títí dòní. Ara wọn nípọn, fáíbà kì í jẹrà bí igi, owó wọn kò sì gani lára. Omi tó ń gba ẹ̀gbẹ́ bóòtì (bolt, ìdè irin) wọlé ló sábà máa ń ba tiwọn jẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ máa ń ṣe ni pé, bí ibùsùn bá ti tutù, wọ́n á ra silicone, gọ́ọ̀mù tí a fi ń dí ìjò, wọ́n á fi kun etí irin tó wà lókè, ó parí. Kò ní pẹ́ tí omi á tún yọjú. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Omi tó kán sórí tìmùtìmù kò le tó bẹ́ẹ̀, oòrùn á gbẹ ẹ. Èyí tí kò kán rárá ni kí ẹ bẹ̀rù, torí ó ti rí ibi jókòó sí.

Ìdí ni pé dẹ́ẹ̀kì ọkọ̀ wọ̀nyí, ìyẹn orí ọkọ̀ tí a ń rìn lé, jẹ́ awẹ́ fáíbà méjì, òkè àti ìsàlẹ̀, tí igi balsa tàbí plywood wà láàárín wọn. Balsa fúyẹ́, ó sì ń jẹ́ kí dẹ́ẹ̀kì le láìwúwo. Ṣùgbọ́n wọ́n gé e wẹ́wẹ́ kó lè tẹ̀ lé ìrí ọkọ̀, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà láàárín ẹyọ kan àti èkejì. Omi tó bá bọ́ sínú àlàfo yẹn á máa rìn lọ. Ó lè wọlé lẹ́bàá òpó ìgbòkun kó jáde lórí àdògán. Ìdí nìyí tí wíwo ibi tó ń kán kì í fi í sọ ibi tó ń jò fún wa.

Òolù kékeré olórí ike ni kí ẹ fi máa kan dẹ́ẹ̀kì jẹ́jẹ́, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tó dára á dún kọ́kọ́, ibi tó ti jẹrà tàbí tó ti já kúrò lára fáíbà á dún bọ̀bọ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù yí ibẹ̀ ká. Bí ẹ bá fẹ́ rí ojú ìjò gan-an, ẹ ti gbogbo fèrèsé, ẹ lẹ téèpù mọ́ gbogbo ihò atẹ́gùn, kí ẹ fi páálí dí ẹnu ọ̀nà kan, kí fáànù máa gba àárín páálí náà fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ da omi ọṣẹ sí ẹsẹ̀ gbogbo irin tó wà lórí dẹ́ẹ̀kì. Ibi tí ìfófòó bá ti ń yọ, ibẹ̀ ló ń jò. Èyí dára ju kí èèyàn kan máa fi họ́ọ̀sì da omi lókè kí ẹnì kejì máa fi tọ́ọ̀ṣì wá a nísàlẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí a jókòó tì ni chainplate, irin pẹlẹbẹ tí wáyà tó di òpó mú dè mọ́. Ó la dẹ́ẹ̀kì kọjá, wọ́n sì fi bóòtì dè é mọ́ ìgànná pákó nínú ọkọ̀. Stainless, irin tí kì í tètè dípẹtà, ni púpọ̀ nínú wọn. Ohun tó ń dáàbò bo stainless ni awọ fẹ́lẹ́ kan tí chromium inú rẹ̀ máa ń dá sójú irin náà, awọ yìí kò sì lè wà láìsí oxygen. Ní ibi tí irin ti la dẹ́ẹ̀kì kọjá, gọ́ọ̀mù ti bò ó, omi iyọ̀ ti há síbẹ̀, afẹ́fẹ́ kò sì dé ibẹ̀. Awọ náà á ṣí, iyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò wínníwínní sínú irin, ihò á wá di ìlà ìsán. Òkè ń dán, ìsàlẹ̀ ń dán, àárín tí ẹnikẹ́ni kò rí ti jẹ tán. Ọjọ́ tí atẹ́gùn bá le ló máa já, òpó á sì tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, wíwò láti òkè kò tó. Ẹ yọ ọ́ jáde. Ẹyọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan o. Kí ẹ tó tú wáyà rẹ̀, ẹ mú okùn tí wọ́n fi ń fa ìgbòkun sókè, ẹ so ó mọ́ ibi tó lágbára ní ẹ̀gbẹ́ yẹn kan náà, kí ẹ fà á kó le dáadáa, kí òpó má bàa wà láìní ohun tó dì í mú. Bí chainplate bá ti jáde, ẹ ha gọ́ọ̀mù kúrò, ẹ fi sáńpépà 400 fọ ojú rẹ̀, kí ẹ sì fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wo ihò tó wà lókè pátápátá, ibi tó tẹ̀, àti ibi tó la dẹ́ẹ̀kì kọjá.

Ojú lè tan èèyàn jẹ. Oògùn onípupa tí àwọn ẹlẹ́rọ fi ń wá ìsán wà, agolo mẹ́ta ni: ti ìnù, pupa àti funfun. Ẹ fọ́n pupa sí irin tó mọ́, ẹ fi sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú 10, kí ẹ fi aṣọ tó ní oògùn ìnù díẹ̀ nù ún. Ẹ má fọ́n oògùn ìnù sí irin náà tààrà, á fọ pupa jáde kúrò nínú ìsán. Lẹ́yìn náà ni funfun. Bí ìsán bá wà, ìlà pupa á yọ lára funfun yẹn. Irin tó bá ní ìlà, kó lọ sínú ìdọ̀tí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó o pọ̀. Àbàwọ́n rúsúrúsú tí kò ní ihò rárá, ẹ dán an, ẹ dá a padà.

Ní tèmi, bí chainplate bá ti lé ní ọdún 30 tí ọkọ̀ sì fẹ́ lọ sójú agbami, kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, ì báà dán bíi dígí. Stainless 316 ní molybdenum tó tó ìdá 2 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń fara da iyọ̀ ju stainless 304 lọ, àmọ́ òun náà ń jẹ bí kò bá rí afẹ́fẹ́. Titanium kò ní ìṣòro yìí, owó rẹ̀ ló ní ìṣòro. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ẹni tó ra ẹ̀rọ afọ̀nàhàn tuntun àti ìgbòkun tuntun á sọ pé òun kò lówó irin pẹlẹbẹ mẹ́fà.

Kí irin tuntun tó wọlé, ẹ fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún ìgànná pákó níbi tí bóòtì dúró sí. Bó bá dúdú tó sì rọ̀, irin tuntun kò lè rí nǹkan dì mú níbẹ̀, àfi kí ẹ kọ́kọ́ tún pákó yẹn ṣe.

Ó wá kan ihò dẹ́ẹ̀kì. Ẹ gbẹ́ balsa kúrò láàárín awẹ́ méjèèjì, mìlímítà 10 sí 15 yí ihò ká. Àfi kó gbẹ dáadáa, torí epoxy, àtè olómi tó máa ń le bí òkúta, kì í lẹ̀ mọ́ igi tútù. Bí omi bá ti tàn lọ jìnnà, ihò kan kò lè gbẹ ẹ, ẹ máa gé awẹ́ òkè ṣí ni, kí ẹ pààrọ̀ balsa. Bó bá gbẹ, ẹ lẹ téèpù mọ́ ìsàlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ da epoxy tó ṣàn kí igi mu ún, ẹ fà á jáde, kí ẹ wá fi èyí tí ẹ ti po ìyẹ̀fun silica mọ́ títí tó fi ki bí àmàlà kún ihò náà. Ẹ má dà á púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: epoxy tó bá jinlẹ̀ máa ń gbóná fúnra rẹ̀, ó lè rú èéfín kó sì sán. Bó bá le tán, ẹ lu ihò tuntun sáàárín rẹ̀, kí ẹ fá etí ihò náà díẹ̀ lókè. Àpá tí ẹ fá yẹn ni gọ́ọ̀mù máa jókòó sí.

Gọ́ọ̀mù wo? Téèpù butyl, rọ́bà rírọ̀ tó ń lẹ̀, ni mo fara mọ́ fún irin. Kì í le bọ̀rọ̀, nítorí náà bí ọkọ̀ bá ń yí nínú ìgbì tí chainplate sì ń mira díẹ̀díẹ̀, á máa bá a lọ á máa bá a bọ̀. Gọ́ọ̀mù polyurethane tó lágbára máa ń mú un títí dé ibi pé ẹni tó bá fẹ́ tú u lẹ́yìn ọ̀la á fa fáíbà ya. Silicone máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀ tí ọ̀dà àti epoxy kì í lẹ̀ mọ́. Ẹ pọn butyl, ẹ yí i mọ́ ọrùn irin, ẹ de ìdérí mọ́ ọn, kí ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Bó bá jẹ́ bóòtì ni, nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ni kí ẹ yí. Ẹ di orí bóòtì mú gírígírí, torí bó bá yí, á ya gọ́ọ̀mù.

Ó ku píìnì kékeré tí kì í jẹ́ kí píìnì ńlá ìdè wáyà bọ́. Gígùn rẹ̀ kó jẹ́ ìlọ́po kan àbọ̀ fífẹ̀ píìnì ńlá tó ń ṣọ́. Ẹ la ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, kí ó má lè bọ́. Ẹ má ká a yípo, torí lóru tí ẹ bá fẹ́ tú u kíákíá, kò ní ṣe é tú. Bí ẹ bá fi téèpù bò ó kó má bàa ya ìgbòkun, ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí omi rí ibi bá jáde.