Wíwá ẹ̀gbọ́n Yèyé tó bá ogun Hitler lọ: ibi tí iṣẹ́ dé

Mo ti kó gbogbo ohun tí ẹbí rántí nípa ẹ̀gbọ́n Yèyé sínú ìwé kan. Kò pọ̀. Òkè-Arò ní Àkúrẹ́ ni wọ́n bí i sí. Ó wọṣẹ́ sójà, wọ́n kó wọn lọ sí Bọ́mà, kò padà wálé. Kò láya, kò bímọ. Bí àwa ò bá wá a, kò sẹ́ni tí yóò wá a.

Àkójọ orúkọ tí Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń tọ́jú sàréè àti orúkọ àwọn sójà tó bógun lọ, gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ óò rí orúkọ sójà níbẹ̀, oyè rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ tó kú àti ibi tí wọ́n sin ín. Ní ti ogun kejì, àwọn tó kú láàárín 3 Oṣù Kẹsàn-án 1939 sí 31 Oṣù Kejìlá 1947 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Sójà tó bá délé, tó wá kú lẹ́yìn ìgbà yẹn, ẹ má wulẹ̀ wá a síbẹ̀.

Orúkọ ìdílé wa kò sí níbẹ̀ rárá. Ìgbà tí mo fara balẹ̀ ka orúkọ àwọn ọmọ Nigeria Regiment ni mo rí ohun tó fà á: orúkọ àbísọ nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn, ìlú ni wọ́n fi ṣe orúkọ bàbá fún wọn. Ọmọ Kano ń jẹ́ Kano, ọmọ Sókótó ń jẹ́ Sokoto. Mo bá tẹ "Akure" síbi orúkọ ìdílé, mo tẹ "Ondo", mo tẹ "Owo". Ẹ̀yin tí ẹ ń wá bàbá yín, ibẹ̀ ni kí ẹ gbà wọlé.

Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní sàréè tí a mọ̀. Ara ògiri Rangoon Memorial, ibi ìrántí àwọn sójà ní Taukkyan ní Bọ́mà, ni orúkọ wọn wà, pẹ̀lú àwọn mìíràn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000. Kò yà mí lẹ́nu. Ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà lọ́dún 1944, inú igbó àti orí òkè ni ọmọ ogun 81st Division, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ń fẹsẹ̀ rìn, ẹrù lórí, ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Ibẹ̀ ni ìbọn ti ba Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùré-Ilé lọ́dọ̀ọ́ Ọ̀wọ̀, táwọn ará abúlé sì fi í pamọ́ títí tí wọ́n fi gbà á là. Òun rí ilé padà sí.

Ti ogun 1914 ló ká mi lára jù. Commission fúnra wọn sọ lọ́dún 2021 pé ó kéré tán, 116,000 ènìyàn, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Áfíríkà, ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá Yèyé.

"Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún wo ìwé inú agolo yẹn."

"Rọra o, ọmọ mi, ó ti gbó."

Ìwé pẹlẹbẹ ni, ó ti pọ́n bíi ewé gbígbẹ. Wọ́n fi yíǹkì kọ "NA/" sí i, nọ́ńbà sójà tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n omi ti pa méjì tó kẹ́yìn rẹ́. Àwọn tó ṣẹ́ kù bá ti ẹnì kan mu nínú àwọn "Akure" tí mo kọ sílẹ̀. Orúkọ àbísọ náà bára mu, àmọ́ ìdajì Àkúrẹ́ ló ń jẹ́ ẹ, n kò lè torí ìyẹn sọ pé òun ni. Nọ́ńbà ló máa yanjú ẹ̀. Ní Sátidé, màá gbé kámẹ́rà lọ ya ìwé náà nínú oòrùn àárọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọ̀ ọ́, bóyá ojú ibi tí gègé ti tẹ̀ ẹ́ yóò hàn. Bó bá hàn, màá kọ̀wé sí Commission.