Pélódà bàbá mi tó sùn fún ọdún 9

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mi ò sá lọ, pélódà ló gbà mí lọ́wọ́ yín. Gbogbo Sátidé ni mo ń lọ sí kòtò wa, níbi tá a ti ń wa erùpẹ̀, lójú ọ̀nà Ìdó sí Eruwa, ìgbà míì mo máa ń sùn síbẹ̀ mọ́jú Sọ́ńdè, débi pé ìyàwó mi ní tó bá jẹ́ obìnrin ni mo tọ́jú síbẹ̀ kí n kúkú mú un wálé kó wá bá òun gún iyán.

Katapílà 966C ni, ọkọ̀ ńlá tó ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú ẹ̀ bu erùpẹ̀ sí típà, yẹ́lò tó ti dípẹtà tán. Bàbá mi rà á ní gbàǹjo lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì kan tó parí iṣẹ́ ọ̀nà. Òun ló rán èmi àtàwọn àbúrò mi nílé ìwé, mi ò fi ṣàwàdà, erùpẹ̀ pupa tó bá kó sí típà láàárọ̀ la fi ń jẹun alẹ́. Ní 2016 ara bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ dá mọ́, ọpẹrétọ̀ bá ibi tówó wà lọ, wọ́n gbé pélódà sábẹ́ igi máńgòrò pé àwọn ń bọ̀. Bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn.

(Kí n má gbàgbé: Payloader tá à ń pè é yìí, orúkọ ọjà ni o. Ilé iṣẹ́ Hough ní Libertyville, Illinois, l'Amẹ́ríkà ló ni ín, àwọn ló gbé èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà tó sì ń lo háídírọ́líìkì jáde ní 1947, International Harvester wá rà wọ́n ní 1952. Lọ́dọ̀ tiwa sha, ì báà jẹ́ Caterpillar, ì báà jẹ́ Komatsu, pélódà ni gbogbo ẹ̀, bá a ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ oníyẹ̀fun ní Ómò.)

Mo lọ bẹ baba mẹkáníìkì tó bá bàbá mi ṣiṣẹ́ láyé àtijọ́. Baba ti lé ní 70, wọn ò gbé iṣẹ́ mọ́, àmọ́ nígbà tí mo dárúkọ pélódà yẹn wọ́n ní "Ó ṣì wà?" bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn ọ̀rẹ́ tó ti pẹ́. Nígbà tá a débẹ̀ wọn ò fọwọ́ kan spánà kankan. Wọ́n yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá gbójú sókè wo sàlẹ́ńsà, wọ́n ní "Agolo ẹ̀ dà?"

Ṣé ẹ mọ agolo mílíìkì táwọn ọpẹrétọ̀ máa ń dé orí sàlẹ́ńsà? Èmi rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Àṣé tí kò bá sí i, òjò máa gba inú páìpù wọlé, kó gba tọ́ọ̀bò kọjá, tí fáàfù sílíńdà kan bá sì wà ní ṣíṣí nígbà tí ẹ́ńjìnì kú, omi máa wọ ibẹ̀ lọ jókòó. Atẹ́gùn ti gbé agolo tiwa lọ, ta ló mọ ọdún wo.

Baba ní kí n tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ibi tí ọ́ìlì ń dúró sí díẹ̀díẹ̀, kí n má tú u tán. Omi ló kọ́kọ́ jáde, tó bíi pure water kan ààbọ̀, kí ọ́ìlì dúdú tó tẹ̀ lé e. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ sùn sí. Ká ní dípsítíìkì nìkan la wò ni, à bá ní kò síṣòro.

Ẹ́ńjìnì ò yí. A fi irin gbọọrọ tì í, kò mira. Ọmọ rẹwáyà tó bá wa lọ ní ká so bátìrì, ká fi kíkì, mọ́tò kékeré tó ń sítáàtì ẹ́ńjìnì, yí i tipátipá. Baba fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a létí. Wọ́n ní omi kì í ṣe nǹkan tí písítìnì lè tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí kíkì bá fipá gbé písítìnì lu omi, kọ́nrọ́ọ̀dù, irin tó gbé písítìnì dúró, ló máa tẹ̀, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì míì nìyẹn. A wá tú nọ́sùlù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ń fín dísù sínú sílíńdà, mo ra síríńjì ní kẹ́míìsì, a pò dísù mọ́ ọ́ìlì, a ń fà á sínú ihò kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fún ọmọ ní oògùn ikọ́. Sátidé àkọ́kọ́, òfo. Ìkejì, òfo. Ní ìkẹta, irin yẹn lọ síwájú tó ìwọ̀n ìka kan, mo kígbe, mo fẹ́ máa tì í lọ ni baba ní "Dá a padà." Síwájú díẹ̀, sẹ́yìn díẹ̀, títí tó fi yí ká. Ọwọ́ mi bó.

Ibi tówó gbé lọ kò le ṣàlàyé: pọ́ńpù àti nọ́sùlù lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe kàlìbírésọ̀n, mo wá síìlì kiri ọjà Àràrọ̀mí ní Gate, n'Ìbàdàn, mo ra bátìrì fólítì 12 méjì. Ọmọ rẹwáyà yẹn so bátìrì méjèèjì ní pósítíìfù sí pósítíìfù, 24 ló yẹ kó jáde, 12 ló jáde, kíkì kàn ṣe "kẹ̀" ó dákẹ́. Ẹ fojú inú wo ojú baba.

Lọ́jọ́ tá a fẹ́ sítáàtì ẹ̀, wọ́n fún mi ní pákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ká rọ́bà tíúbù mọ́ lára, wọ́n ní kí n dúró ti ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa afẹ́fẹ́. "Tó bá sá, pákó ni kó o fi dé e o, má fọwọ́ dé e." Tí ọ̀pá inú pọ́ńpù tó ń díwọ̀n dísù bá há síbi tó ti ṣí sílẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ò lè pa ẹ́ńjìnì yẹn, á máa sáré títí á fi fọ́. Afẹ́fẹ́ nìkan lẹ lè gbà lẹ́nu ẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú pákó bí gọ́ókípà, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n.

Ó sítáàtì! Èéfín funfun bo gbogbo kòtò. Ìṣẹ́jú méjì, ó kú.

A tún fi pọ́ńpù ọwọ́ fún un ní dísù, ó sítáàtì, ó kú. Mo pààrọ̀ fílítà lẹ́ẹ̀mejì. Mo pààrọ̀ pọ́ńpù kékeré tó ń fa dísù. Bákan náà. Baba ní ó ń fa afẹ́fẹ́, èmi ní níbo, kò sí ibi kankan tó ń jò, gbogbo ilẹ̀ gbẹ. Wọ́n ní "Ìyẹn gan-an ni." Láàárín táǹkì sí pọ́ńpù, wọn kì í ti dísù, fífà ni wọ́n ń fà á, ihò tó bá wà níbẹ̀ kì í jò síta, ńṣe ló ń mí sínú. Wọ́n ní kí n lọ ra rọ́bà dríìpù, èyí tí wọ́n ń lò ní hósípítù, wọ́n gé e, wọ́n so ó sáàárín hósì, a wá ń wo dísù bó ṣe ń kọjá. Ìgbà tó yá, fófòó kékeré kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e, ni wọ́n bá ń tò bí ìlẹ̀kẹ̀. A tọ hósì yẹn lọ dé ìdí kábù, níbi tó ti jókòó lé irin, tí irin ti jẹ ẹ́ lábẹ́. Ojú ibẹ̀ ò ju ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ha nǹkan lọ. Hósì yẹn ni nǹkan tó wọ́n kéré jù nínú gbogbo ohun tí mo rà.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì gbéra, àmọ́ ó ń rọra wálẹ̀ fúnra ẹ̀, síìlì apá ẹ̀ ló kù. A ò tíì jẹ́ kó rìn jìnnà torí bírékì, afẹ́fẹ́ ẹ̀ ò tíì ń kún bó ṣe yẹ, tọ́ọ̀nù 16 ó lé kì í ṣe nǹkan téèyàn ń fẹsẹ̀ dá dúró.

Bàbá mi ò lè jókòó pẹ́ nínú mọ́tò mọ́, mo bá pè wọ́n lórí WhatsApp, mo gbé fóònù súnmọ́ ẹ́ńjìnì. Wọn ò sọ̀rọ̀. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Wọ́n wá ní, "Sílíńdà kan ò jẹun níbẹ̀."

Mo wo baba, baba wò mí. A mú spánà, a bẹ̀rẹ̀ sí í tú nọ́ọ̀tì páìpù nọ́sùlù lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ lọ. Ìkíní, ohùn ẹ́ńjìnì rẹ̀ wálẹ̀, ìyẹn ni pé sílíńdà yẹn ń ṣiṣẹ́, a dè é padà. Ìkejì, ó rẹ̀ wálẹ̀. Ìkẹta, bẹ́ẹ̀ náà. A tú ti nọ́mbà 4, dísù ń ta sókè, ohùn ò yí padà rárá.

"Nọ́mbà mẹ́rin ni, àbí?" Bàbá mi ṣì wà lórí fóònù.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà.

Wọ́n ní, "Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kó o tó fẹ́yàwó."