Ọjọ́ orí ni, wọ́n ní

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi látàárọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, kò sí nǹkan tó ṣe máṣíìnì yìí o, ọjọ́ orí ni." Bí mẹkáníìkì ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó gbowó, ó kọjú sí ẹlòmíì. Kò fi mí ṣẹ̀sín, kò bínú, ó tiẹ̀ rọra sọ ọ́ ni, bí ẹni tó wá kí èèyàn kú àṣẹ̀yìndè. Bóyá ohun tó jẹ́ kó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Máṣíìnì Bàbá ni mò ń sọ, alùpùpù Honda CG125 tí mo ń gùn. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tó ti ń ṣe báyìí. Tó bá ti ń sáré, kò sí wàhálà, láti Kútọ̀ títí dé Lafẹ́ńwá ní Abẹ́òkúta ó ń lọ geere ni, gíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wọlé bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dé ibi tí gosiló wà kí n dẹ tọ́tù tí wọ́n fi ń fún un léré báyìí, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á dún pọ́pọ́, á dákẹ́ díẹ̀, á tún dún, bí mi ò bá tètè fún un nínà ó kú nìyẹn, láàárín Pánṣẹ̀kẹ́, táwọn onímọ́tò á máa fọn fèrè lẹ́yìn mi.

Ohun tí mẹkáníìkì ṣe sí i ò ju pé ó yí sìkúrúù slow sókè lọ, èyí tó ń pinnu bí ẹ́ńjìnnì ṣe máa yára tó téèyàn bá dẹ tọ́tù. Ẹ́ńjìnnì wá ń pariwo, ó ní ó ti jí. Kò jí o. Kò kú mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé etí sí i á mọ̀ pé àìsàn náà ṣì wà níbẹ̀, ariwo ni wọ́n fi bò ó. Tí mo sì bi í pé kí ló fà á, ọjọ́ orí ni.

Mo ti gbọ́ ọ rí, ọsibítù ni mo ti gbọ́ ọ. Màámi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹni tó wà lẹ́yìn tábìlì ò gbójú sókè nínú ìwé tó ń kọ, "Màmá, ọjọ́ orí ni, ẹ lọ máa sinmi." Wọ́n sì lọ ń sinmi lóòótọ́, wọ́n ń sinmi, wọ́n ń rù sí i, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀ lára wọn tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò fẹ́ lọ síbẹ̀ lónìí, ara wọn ti yá, ká dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń rí i, tí wọ́n bá ti sọ pé ọjọ́ orí ni, ìwádìí ti parí nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa tún wo nǹkan kan mọ́.

Mo wá ń rò ó lórí ìrìn pé, tó bá jẹ́ ogbó ló ń ṣe é, kí ló dé tí kì í gbó tó bá ń sáré? Ó ń gbé èmi àti ẹrù gun òkè tọ̀ún wọ Òkè-Ìlèwó. Kò mu ọ́ìlì, kò rú èéfín. Ẹ́ńjìnnì tí píísìn inú ẹ̀ bá ti jẹ tán ò lè ṣe ìyẹn. Ibi tó bá ti di kó rọra dúró nìkan ni ìyọnu ẹ̀ wà, ẹni tó bá fẹ́ ronú, ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Kábúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, ní ọ̀nà epo méjì, slow jẹ́ẹ̀tì, ihò kékeré, ló ń bọ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tí tọ́tù bá pa títí dé bí ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíṣí ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ni abẹ́rẹ́ àti main jẹ́ẹ̀tì, ihò ńlá, á gbà á. Tí eré bá dáa, ọ̀nà ńlá dáa nìyẹn. Kékeré ló kù.

CG125 mà ni! Ọdún 1976 ni Honda gbé e jáde, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Manaus ní Brazil. Wọ́n dìídì ṣe é fún ibi tí owó àtúnṣe ò ti pọ̀ ni, ọ̀pá ló ń gbé fáàfù ẹ̀ (ilẹ̀kùn tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí èéfín ń gbà jáde), kì í ṣe ṣéènì, ṣéènì tó ń yí táyà ẹ̀yìn gan-an wọ́n fi páànù bò ó kí iyanrìn má baà jẹ ẹ́. Nǹkan tí wọ́n ṣe kó lè pẹ́, tó sì pẹ́, ẹ wá ń sọ pé pípẹ́ ẹ̀ ni àìsàn ẹ̀.

Ibi iṣẹ́ lọ bó ṣe máa ń lọ. Òjò ṣú, kò rọ̀.

Nígbà tí mo délé mo dá sìkúrúù slow yẹn padà síbi tó wà. Mo ní kó gbọ̀n, tó bá fẹ́ kú kó kú, mo fẹ́ gbọ́ ohun tó ń sọ gan-an. Ó gbóná tán, mo fa ṣóòkì tó ń dín afẹ́fẹ́ kù díẹ̀, kíá ara ẹ̀ balẹ̀. Mo dá ṣóòkì padà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé epo ò tó, àbí afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Mo yọ plọ́ọ̀gì tó ń tanná sí epo, ẹnu ẹ̀ funfun, kò dúdú, kò sì ní àwọ̀ búráùn tó yẹ kó ní. Ọ̀rọ̀ kan náà ni plọ́ọ̀gì àti ṣóòkì ń sọ. Mo yí sìkúrúù afẹ́fẹ́ wọlé, mo yí i síta, ẹ́ńjìnnì ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo fọwọ́ kan nǹkan.

Mo bá mú bọ́túlù tí Màámi fi ń fọ́n omi sáṣọ tí wọ́n bá fẹ́ lọ̀ ọ́. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ, mo ń fọ́n omi díẹ̀díẹ̀ yí ojú ibi tí kábúrétọ̀ ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì ká. Lókè, kò sí nǹkan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí nǹkan. Mo fọ́n ọn sí abẹ́, ohùn ẹ̀ yí padà lójú ẹsẹ̀, ó lọ sílẹ̀, ó fẹ́ kú, ó tún gbérí. Mo tún un ṣe, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pariwo, Màámi bi mí láti inú ilé pé ṣé kò sí o.

Ibẹ̀ ló ti ń fa afẹ́fẹ́ tí kábúrétọ̀ ò mọ̀ sí. Tí tọ́tù bá pa, ẹ́ńjìnnì ń fà gidi, ọ̀nà tó fi ń mí sì há, torí ẹ̀ àlàfo tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ yẹn ti tó láti dà á láàmú. Tí tọ́tù bá ti ṣí, atẹ́gùn tó ń gba iwájú wọlé á pọ̀ débi pé tibẹ̀ yẹn ò já mọ́ nǹkan kan. Ìdí tó fi ń sáré tí ò lè dúró nìyẹn.

Mo tú u. Rọ́bà róbótó tó wà láàárín wọn ti le gbagidi, ó ti pẹlẹbẹ, mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, kò jìn, mo tẹ̀ ẹ́ wọ́, ó ṣẹ́ sí méjì lọ́wọ́ mi. Ojú irin kábúrétọ̀ náà ti tẹ̀, ẹni tó ń di nọ́ọ̀tì méjèèjì látọjọ́ ti fún un jù. Mo tẹ́ sándípépà sórí gíláàsì, mo rọra ń fi ojú irin náà yí i títí ó fi tẹ́jú. Slow jẹ́ẹ̀tì náà, ihò ẹ̀ ò tó ìdajì mìlímítà, mo gbé e sójú iná tọ́ọ̀ṣì, ó yẹ kí n rí ìmọ́lẹ̀ róbótó, èyí tí mo rí dà bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Gọ́ọ̀mù epo ni. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, ta ló ń gbé máṣíìnì jáde lójoojúmọ́ mọ́? Epo tó bá wà nínú kábúrétọ̀ á gbẹ síbẹ̀, ihò tó kéré jù lá sì kọ́kọ́ dí. Mi ò ki wáyà bọ̀ ọ́ o, idẹ ni jẹ́ẹ̀tì náà, wáyà á fẹ ihò yẹn, epo á wá pọ̀ jù. Mo rẹ ẹ́ sínú epo, fọ́kánáísà kọ́nà wa fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ, ẹni tó ń ta páàtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ sì ní rọ́bà náà. Owó ẹ̀ ò tó ìdajì èyí tí mo san láàárọ̀.

Mo wá jókòó tì í, mo ń wo rọ́bà tó ṣẹ́ yẹn. Kí ló mú un le? Ooru ni, àti ọdún. Àbí ẹ ò rí i, ọjọ́ orí náà ni! Ṣé òótọ́ ló wá sọ fún mi nígbà náà? Mi ò mọ bí màá ṣe dá ara mi lóhùn. Òótọ́ ni, síbẹ̀ kì í ṣe òótọ́... ọjọ́ orí yẹn níbi tó jókòó sí, ó wà nínú rọ́bà kan báyìí, èèyàn lè fọwọ́ mú un jáde. Kò sí nínú gbogbo máṣíìnì. Ọmọkùnrin yẹn náà sì ní èrò tó pọ̀, àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n fẹ́ tètè lọ pa owó ọjọ́ ń dúró sí i lọ́rùn, bóyá kò ráyè tí á fi fọ́nmi káàkiri. Mi ò bínú sí i mọ́. Rárá o, mo ṣì ń bínú díẹ̀.

Màámi jáde wá nígbà tí mo tan án, wọ́n dúró, wọ́n gbọ́ ọ fúngbà díẹ̀. "Ṣebí wọ́n ní ó ti gbó?" Mo ní ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n wá jẹun.

Kò tíì pé tán ṣá. Ó ń dúró jẹ́ẹ́ báyìí, sìkúrúù afẹ́fẹ́ náà ti ń gbọ́ràn, ṣùgbọ́n tí mo bá dẹ tọ́tù lójijì sàléńsà ṣì ń ta pọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀ ọ̀la, kí n tó kíìkì í rárá, tó bá ṣì tutù, mo fẹ́ ṣí orí ẹ̀ kí n wọn tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo orí fáàfù, 0.08 mìlímítà ló yẹ kó jẹ́ fún méjèèjì, fáàfù tí ò bá pa dé dáadáa lè ṣe irú nǹkan báyìí náà. Mo ti yá irin tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Tí ìyẹn bá dáa, plọ́ọ̀gì tuntun ló kàn, 0.6 sí 0.7 mìlímítà ni àlàfo ẹnu ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ni màá tó fọwọ́ kan kọ́ǹtáàtì tó ń ṣètò ìgbà tí plọ́ọ̀gì máa tanná.