Ẹ Bọ́ Ẹ̀wù Ọmọ Náà Ná

Ẹ̀yin ìyá tí iná orí ọmọ ti sú, mo mọ̀ pé ọ̀tapíápíá wà nílé yín. Ní Abẹ́òkúta níbí, ilé wo ni kò sí? Ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n gbé ọmọ ọdún mẹ́fà kan wá bá wa nílé ìwòsàn láti ọ̀nà Lafẹ́nwá. Wọ́n ti dà á sí i lórí, wọ́n fi náílọ́ọ̀nù dì í.

Itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, ó ti tọ̀ sára, àyà rẹ̀ ń dún bí omi tó ń hó. Ọmọlójú rẹ̀ ti kéré bí orí abẹ́rẹ́. A fún un ní oògùn tó ń jẹ́ atropine, àyà gbẹ. Kò pẹ́, ìfóòfó tún dé. A tún fún un, ó tún padà. Ìgbà tí mo gbé orí rẹ̀ láti tún ìrọ̀rí ṣe ni òórùn náà gbá mi nímú: irun rẹ̀ ṣì rin fún ọ̀tapíápíá, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ náà rin. À ń gbọ́n omi inú ọkọ̀, ihò ṣì wà nísàlẹ̀.

Acetylcholine ni ìránṣẹ́ tó ń jíṣẹ́ láàárín iṣan ara àti nínú ọpọlọ. Bó bá ti jíṣẹ́ tán, acetylcholinesterase á gé e wẹ́wẹ́ lójú ẹsẹ̀. Dichlorvos, májèlé inú ọ̀tapíápíá, ló ń de agéwẹ́ yìí lọ́wọ́. Ìránṣẹ́ á wá kún ibẹ̀ fọ́fọ́, wọn ò ní dákẹ́: itọ́, dà! ẹ̀dọ̀fóró, ṣomi! ẹran ara, gbọ̀n! Atropine kì í tú okùn yẹn, etí tó ń gbọ́ iṣẹ́ ló ń dí, kò sì lè dí ti ẹran ara tó ń fa èémí. Oògùn míì, pralidoxime, ló ń tú okùn, bó bá tètè dé. Bí wákàtí bá ti gorí wákàtí, okùn á ta kókó tí kò ṣeé tú mọ́.

A fá orí rẹ̀, a wẹ̀ ẹ́, oògùn ràn án. Ọjọ́ karùn-ún ló lọlé.

Mi ò bú ìyá rẹ̀ o. Ọmọ ò sùn, ẹni tó tà á ló ní kó fi pa iná. NAFDAC sì ti fòfin de ìgò dichlorvos 100 mililítà láti 2019!

Nítorí náà, bí ọ̀tapíápíá bá ti kó bá ọmọ, kí ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sílé ìwòsàn tó dé, ẹ bọ́ gbogbo ẹ̀wù rẹ̀. Ẹ fi sìsọ́ọ̀sì gé e, ẹ má fà á gba orí. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù bọ ọwọ́ yín, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ irun, ẹ̀yìn etí, abẹ́ èékánná. Bó bá jẹ́ pé ó mu ún ni, ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì, ẹ má mú un bì: kẹrosíìnì tí wọ́n fi lú u á gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, ẹ mú ìgò dání. Bí ara bá yá lọ́jọ́ kejì, ẹ má bẹ dókítà pé ẹ fẹ́ lọlé. Láàárín wákàtí 24 sí 96, èémí lè tún dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù ni kó ṣáájú. Ẹ̀wù!

Iná orí? Ẹ fá a, tàbí kí ẹ fi òróró rin irun, kí ẹ fi òòyà eléyín wẹ́wẹ́ yà á ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀wù tí ẹ bọ́ yẹn, ẹ dì í sínú náílọ́ọ̀nù méjì, kí ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ má fọ̀ ọ́ fún àbúrò rẹ̀ wọ̀.