Ọ̀gán Hù Nínú Balùwẹ̀ Wa

Ata rodo ni mo fẹ́ gbìn sínú àwọn àpò ìrẹsì tí mo tò sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìbàdàn, ẹni tí mo ra irúgbìn lọ́wọ́ rẹ̀ sì gbà mí nímọ̀ràn pé kí n po kókópíìtì mọ́ iyẹ̀pẹ̀ náà, nítorí pé iyẹ̀pẹ̀ inú àpò kì í pẹ́ gbẹ tí oòrùn bá ti mú. Èèpo àgbọn ni kókópíìtì yìí, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀ di búlọ́ọ̀kù tí ó wọn kílò 5. Wọ́n kọ ọ́ sí ara ọ̀rá rẹ̀ pé Sri Lanka ni ó ti wá (èyí bí mi nínú díẹ̀, nítorí bí àgbọn ṣe pọ̀ ní Àgbádárìgì tó, èèpo rẹ̀ ni à ń fi dáná), wọ́n sì kọ ọ́ pé bí ó bá mu omi tán, yóò fẹ̀ di lítà 70. Mo rẹ́rìn-ín. Ta ni kì í pọ́n ọjà tirẹ̀?

Ní alẹ́, mo gbé e sínú bàsíà tí ìyàwó mi fi ń fọṣọ, mo da korobá omi 3 lé e lórí nínú balùwẹ̀, mo sì lọ sùn. N kò ronú pé bàsíà náà kò lè gba ju nǹkan bí ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá lọ, n kò sì rántí pé ìyá ìyàwó mi, tí wọ́n wá kí wa, máa ń jí wẹ̀ ní aago 5 ìdájí.

Igbe ni ó jí wa. Iná ìjọba ti lọ, nítorí náà iná fóònù ni mo tàn wọlé. Òkìtì pupa rẹ́súrẹ́sú kan ni mo bá, ó ga dé orúnkún mi, ó ti ya bo etí bàsíà, ó sì ti dí ihò omi pa. Màmá dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ró ìró mọ́ àyà, wọ́n sì di ọ̀rá iyọ̀ ilé ìdáná wa mú.

“Bàbá Ìbejì, ọ̀gán ti hù nínú ilé yín! Ọ̀gán kì í sì í wà kí ejò má gbé ibẹ̀. Mo ti wọ́n iyọ̀ sí i, kò lè jáde mọ́.”

Wọn kò wọ́n ọn, wọ́n dà á ni. Bẹ́ẹ̀, ìkìlọ̀ kan ṣoṣo tí ọlọ́jà ṣe fún mi ni pé kí n fi omi ṣan nǹkan náà dáadáa, nítorí pé èèpo àgbọn máa ń ní iyọ̀ lára, pàápàá èyí tí wọ́n bá rẹ sínú omi òkun, iyọ̀ kì í sì í jẹ́ kí ohun ọ̀gbìn gbádùn. Iyọ̀ tí mo fẹ́ ṣàn kúrò ni Màmá fi kún un!

Mo kó o sínú àpò, mo da omi sí i lẹ́ẹ̀márùn-ún, mo ń fún un, mo sì ń fi ahọ́n tọ́ omi tí ó ń ro jáde wò bí ẹni tí ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ìyàwó mi dúró lẹ́yìn mi, ó ní, “Ṣé kí n gbé ẹ̀bà wá?”

Ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà ni mo pò mọ́ ọn nígbẹ̀yìn, torí pé omi ni kókópíìtì mọ̀ ọ́n dì mú, kò ní oúnjẹ tí ó tó ata. Ata náà ti ń so. Ṣùgbọ́n títí Màmá fi padà sílé, wọn kò wọ balùwẹ̀ wa láìkọ́kọ́ fi ọ̀pá ìnulẹ̀ kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.